Gáùn Tí Mo Kọ́ Lára Ère Òkúta

                                                            Yàrá Ìránṣọ, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                                            Ẹ̀yìn Ilé Ìkàwé.
                                                            Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Abẹ́rẹ́ mi tí kì í ṣẹ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ìkókó tuntun le, ṣé ó sì ti ń jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fojú kan oorun? Bí mo ṣe wo ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ, ó jọ pé ọwọ́ kan lo fi ń kọ̀wé, tí èkejì ń rọ ẹni tó ń ké. Ẹ̀gbọ́n ìkókó ńkọ́, tó ní àbúrò tí òun ń retí kọ́ nìyí? Ṣé ó ti gbà pé a kì í dá ọmọ padà? Bàbá wọn ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ẹ̀yìn tó ń dun Màmá rẹ ńkọ́? Bá mi kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, má kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà kí o pariwo pé mo kí gbogbo ilé. Ní tiwa, ara wa le. Òjò nìkan ló ń yọ wá lẹ́nu, gbogbo aṣọ tí a bá sá kì í gbẹ.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ó gbóná débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi lọ aṣọ. O ní mo ti pa ìṣọ̀rẹ́ wa tì. O ní Kékeré, àbúrò mi tí o pọ̀n sẹ́yìn nígbà tí èmi àti ìwọ wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ṣègbéyàwó, ẹnu obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì lo sì ti gbọ́. O ní bí o bá wà nítòsí ni, etí mi ni ì bá jìyà rẹ̀. Abẹ́rẹ́, o lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Gbé ọmọ pọ̀n, kí o gbọ́ tẹnu mi. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé títí di ọjọ́ tí ìrọbí mú ọ, kò sí ìgbéyàwó kankan tí a lè pe èèyàn sí.

O mọ Kékeré. O mọ bí àìsàn ìgbà èwe ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú ju ọ̀tún lọ, tó fi ń tiro. O sì mọ ẹnu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi ẹsẹ̀ yẹn ṣe é ní yẹ̀yẹ́, nítorí á ti fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kí onítọ̀hún tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè: nínú gbogbo fọ́tò ilé wa tí o ti rí, ǹjẹ́ o rí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí? Á jókòó ni, tàbí kó dúró sẹ́yìn àga Màmá, tàbí kó bẹ onífọ́tò pé kó gé òun láti àyà. Ó máa ń ní igi wọ́rọ́kọ́ tó ń da iná rú ni òun, òun ò ní í da fọ́tò àwọn èèyàn rú. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, títí ọ̀rọ̀ fi di ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Ọkùnrin tó fẹ́ ẹ ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ la ń pè é, nítorí bó ṣe ń sọ̀rọ̀: o lè lọ pọn omi kó o padà kó tó parí gbólóhùn kan. Ṣùgbọ́n èèyàn dáadáa ni, o máa fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ gba gbọ̀ngàn, ó fẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ̀ àti tiwa pé jọ. Kékeré ní rárá. Ó ní àwọn á lọ fọwọ́ sí ìwé lọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ kan, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì, òun á wọ kóòtù òun tó gùn dé ilẹ̀, àwọn á sì padà sílé. Màmá wọ ilé ìdáná lọ, wọ́n ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí a má baà gbọ́ ẹkún wọn. A gbọ́ ọ náà.

Mo bi Kékeré pé kí ló dé. Ó ní gbogbo gáùn tí wọ́n ti rán fún òun látìgbà tí òun ti gbọ́njú, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń bá òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó ń wo òun. Abẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. O rántí bí Ọ̀gá wa, Màmá Rúlà, ṣe máa ń rán tirẹ̀: tìmùtìmù kan léjìká ọ̀tún, òmíràn ní ìdí òsì, ìtẹ́lẹ̀ nípọn nínú bàtà, kí ọmọ lè rí gbọọrọ. Ìfẹ́ ni Ọ̀gá fi ń ṣe é, èmi náà sì gbà á lọ́wọ́ wọn, mo ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá dúró, ó dọ́gba. Bó bá gbé ẹsẹ̀ báyìí, tìmùtìmù èjìká á gba ọ̀nà tirẹ̀, ti ìdí á gba ọ̀nà tirẹ̀, Kékeré á wà láàárín wọn. Ó wá fi òwe gún mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin àti Ọ̀gá yín, òkè lẹ ti ń wò.” Aránṣọ ni mí, àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní, aṣọ ni kò sì jẹ́ kó fẹ́ dúró níwájú àwọn èèyàn lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn.

Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan wà ní òpópónà kejì sí ṣọ́ọ̀bù wa. Èmi ni mo ń rán épírọ́ọ̀nù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo di ẹrù épírọ́ọ̀nù lọ, òjò dé, wọ́n sì ti ti ilẹ̀kùn tí mo máa ń gbà. Mo bá yí sẹ́yìn ilé, mo gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí n kò gbà rí. Ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Mo rí àwọn èèyàn tó dúró lọ́tùn-ún lósì, mo ní, “Ẹ káàsán o.” Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo ní àwọn wo ló gbéra ga báyìí? Ìgbà tí mo sún mọ́ wọn ni mo rí i pé ère ni gbogbo wọn, funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ìyẹn àwọn tó ní orí. Má rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà ì bá kí wọn.

Obìnrin kan ló dá mi dúró nínú wọn. Kò lórí, kò sì lápá, ṣùgbọ́n ó wọṣọ. Ọ̀rẹ́ mi, ó wọṣọ! Mo sọ ẹrù mi kalẹ̀. Aṣọ náà rọ̀ láti èjìká, níbi tí wọ́n ti fi píìnì ńlá mú un. Wọ́n fi ìgbànú tẹ́ẹ́rẹ́ dì í lábẹ́ ọyàn, wọ́n sì fa ìyókù yọ sókè ìgbànú kó lè wú díẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ń ṣàn lọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po, òmíràn jìn, òmíràn fẹ́lẹ́. Mo wá ojú rírán, n kò rí. Kò sí apá, kò sí dáàtì tí a fi ń fún aṣọ mọ́ ara, kò sí ibi tí sísọ́ọ̀sì gbà. Odindi aṣọ kan tó ní igun mẹ́rin ni wọ́n kàn fi kọ́ ara èèyàn, ara sì ṣe èyí tó kù. Mo na ìka, mo fọwọ́ kan ìṣẹ́po kan lórí orúnkún, mo ń retí kó rọ̀. Ó le. Ó tún tutù. Ojú tì mí, mo tún fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn aṣọ ni mo tó wá rí ìdúró rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ló gbé lé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìdí ọ̀tún wá yọ sókè, èjìká ọ̀tún rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, orúnkún òsì sì tẹ̀, ó ti aṣọ síwájú. Èjìká rẹ̀ ò dọ́gba. Ìdí rẹ̀ ò dọ́gba. Mo pariwo nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, “Ẹ gbà mí, Kékeré rèé!” Bí Kékeré ṣe máa ń dúró gẹ́lẹ́ nìyẹn bó bá ń retí ọkọ̀. Lára ẹsẹ̀ tí obìnrin yìí fi dúró, aṣọ ń sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ gbọọrọ bí omi òjò tó ń ti etí òrùlé ṣàn. Lára ẹsẹ̀ tó tẹ̀, aṣọ lẹ̀ mọ́ itan àti orúnkún bí ẹni pé ó tutù. Bí ó bá jẹ́ pé ó dúró gbọnrangandan ni, ọ̀kankan nínú ẹwà yẹn ò bá tí sí. Ẹni tó gbẹ́ ẹ kò wá tìmùtìmù kankan. Ibi tí ara ti wọ́ gan-an ló ti rí iṣẹ́ ṣe.

Igbe mi ló pe olùkọ́ wọn jáde. Ẹgbẹ́ èmi àti ìwọ ni obìnrin náà, Tíṣà Ẹlẹ́fun ni mo ń pè é nítorí pé irun rẹ̀, bàtà rẹ̀, títí dórí ìpéǹpéjú rẹ̀, ẹfun ni gbogbo rẹ̀. Mo rò pé yóò lé mi jáde. Ńṣe ló gbé àga wá. Ó ní àwòkọ ni àwọn ère yẹn, pé ilẹ̀ Gíríìsì ni wọ́n ti gbẹ́ àwọn àkọ́kọ́ wọn láyé àtijọ́, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Ó ní àwọn agbẹ́re Gíríìsì pàápàá, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, bí òpó ni wọ́n ń gbẹ́ èèyàn, èjìká dọ́gba, ìdí dọ́gba. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n gbẹ́ kí ère fi ẹsẹ̀ kan sinmi, àtìgbà náà ló sì ti dà bíi pé òkúta ń mí. Ó tún sọ fún mi pé wọn kì í ṣe funfun rárá nígbà náà, pé oríṣiríṣi ọ̀dà ni wọ́n fi ń kùn wọ́n, òjò àti oòrùn ló ṣí i kúrò. Ìyẹn yà mí lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mo wo obìnrin mi, mo gbìyànjú láti rò ó nínú aṣọ àwọ̀ sánmà.

Tíṣà tún gbé ìwé ńlá kan wá, ìwé àwòrán. Ère wà lójú ìwé kan, gáùn òde òní wà lójú ìwé kejì. Abẹ́rẹ́, ì bá wù mí kí o wà níbẹ̀. Ṣé o rántí gáùn eléjìká kan tí gbogbo èèyàn ń béèrè lọ́dún tí a parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, tí a rò pé nínú kàtálọ́ọ̀gù tuntun ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a? Ó wà níbẹ̀ lára òkúta. Gáùn sílíìkì tí pílíìtì rẹ̀ wẹ́ bí ìlà àtẹ́lẹwọ́ láti ọrùn délẹ̀, ó wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ká jọ sí ẹ̀gbẹ́ ìdí kan, ìgbànú abẹ́ ọyàn tí a ń rán fún àwọn aboyún, gbogbo rẹ̀ pátá. Àṣé àtijọ́ la ti ń rán aṣọ òkúta tí a ò mọ̀! Tíṣà ní nígbà kan tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, aṣọ afúnnimọ́ra ni àwọn obìnrin òyìnbó ń wọ̀, tí wọ́n á fún wọn nínú bí ọrùn ìgò. Díẹ̀ nínú àwọn aránṣọ wọn wá ń lọ jókòó ti àwọn ère yìí, wọ́n ń wò wọ́n. Wọ́n tú okùn, wọ́n ju egungun tí wọ́n fi ń mú aṣọ le nù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ kọ́ ara èèyàn alààyè dípò kí wọ́n gé e lórí bébà. Mo jókòó tì í títí òjò fi dá, mo sì gbàgbé épírọ́ọ̀nù sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo mú Kékeré lọ síbẹ̀. N kò sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, mo ní kó bá mi gbé ẹrù ni. Ó wo òkè ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n lè rí àwọn tí tiwọn burú ju tèmi lọ lẹ ṣe mú mi wá? Èyí ò lórí!” Mo fi obìnrin mi hàn án. Ó wò ó, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ sí ìbàdí láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó gbé ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Àwọn méjèèjì wá dà bí ọmọ ìyá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yàwòrán nínú yàrá tó kọjú sí wa, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Tíṣà Ẹlẹ́fun yọjú, ó rọra ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sí i?” Mo di ojú mi, mo ń retí èébú. Kékeré dúró.

Ó dúró, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣí bébà tuntun, mo sì gbọ́ ohun tí Tíṣà ń sọ fún wọn bó ṣe ń rìn yí wọn ká. Ó ní kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ya ẹsẹ̀ tó gbé ara dúró, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tó wà lókè ti ń bẹ̀rẹ̀. Kékeré gbọ́ ọ. Mo rí i pé ó gbọ́ ọ, nítorí ó wò mí, kò sì ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n kó àwòrán wá fún un. Ó mú ọ̀kan dání, ó wò ó pẹ́. A rìn dé ẹnu géètì. Ó ní, “Aṣọ tí obìnrin yẹn wọ̀, ṣé ẹ lè rán an?” Mo ní mo lè rán an. Ó ní kí n gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo o. Bí ó bá tún jáde ní aṣọ àforíjì, òun á wọ kóòtù òun lọ sọ́fíìsì, n kò sì gbọdọ̀ dárúkọ gáùn fún òun mọ́ láyé.

Wá gbọ́ ìwà aránṣọ. Mo ra aṣọ àwọ̀ sánmà, ó rọ̀, ó wúwo díẹ̀, ó mọ bí a ṣe ń já sílẹ̀. Màmá ní ṣé aṣọ ìyàwó nìyí, mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Mo gbé dọ́mì mi, ère tí aránṣọ fi ń wọ aṣọ wò, kalẹ̀ láàárín yàrá, mo fi aṣọ kọ́ ọ léjìká, mo ká a jọ, mo fi píìnì mú un. Kò sí ẹni tó wọlé tí kò pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ ara mi dùn mọ́ mi. Kékeré dé, ó wọ̀ ọ́. Aṣọ lọ́ lọ́tùn-ún, ó wọ́lẹ̀ lósì, àwọn ìṣẹ́po mi tó lẹ́wà wá rí wúruwùru bí aṣọ ibùsùn tí ọmọdé jí kúrò lórí rẹ̀. Kékeré wo dígí. Ó rọra bọ́ ọ, ó fà á lé mi lọ́wọ́, ó mú kóòtù rẹ̀, ó bọ́ sórí àtẹ̀gùn.

Ìgbà yẹn ni mo wo dọ́mì. Abẹ́rẹ́, irin kan ṣoṣo ló fi dúró! Kò lẹ́sẹ̀ kankan, èwo ló máa wá tẹ̀? Mo lọ kọ́ ìdúró lọ́dọ̀ obìnrin òkúta, mo wá délé wọṣọ fún òpó irin. Mo fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló bọ́. Mo sáré tẹ̀lé Kékeré, ṣùgbọ́n píìnì kún ẹnu mi bó ṣe máa ń kún un, n kò lè pè é. Mò ń hùn bí odi, mò ń juwọ́. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí mi, ó gòkè padà ní kíá. Kì í ṣe nítorí gáùn o. Ó ní kí n kọ́kọ́ tu píìnì wọ̀nyẹn kí n tó gbé ọ̀kan mì, kí wọ́n má baà sọ pé òun ló pa mí. Bó ṣe padà wọlé nìyẹn, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Mo ti dọ́mì sí kọ̀rọ̀, mo kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Mo ní kí Kékeré dúró bó ṣe ń dúró de ọkọ̀. Ara rẹ̀ ni mo fi aṣọ kọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo jẹ́ kí gbogbo ìṣẹ́po ti ibi ìdí ọ̀tún tó yọ sókè wá, kí wọ́n máa rọ̀ lọ sósì. Ọwọ́ mi kò tètè gbọ́. Bí n ò bá ti ronú, á ti mú ṣọ́ọ̀kì, á fẹ́ fa ìlà tó tọ́, Kékeré á sì gbá ọwọ́ náà. Lẹ́yìn náà mo ní kó máa rìn. Ó ń rìn láti ògiri dé ojú fèrèsé, èmi ń fi orúnkún wọ́ tẹ̀lé e, mo ń gún píìnì. Ó ní kí n fara balẹ̀, kí àwa méjèèjì má baà jọ máa tiro.

Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí ni Ọ̀gá wọlé bá wa. Màmá ló ránṣẹ́ sí wọn. O mọ̀ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ti Ọ̀gá sì ju orí ọmọ lọ: kọ́là ò gbọdọ̀ wọ́, àpò ò gbọdọ̀ wọ́, etí aṣọ ò gbọdọ̀ wọ́. Wọ́n ti dàgbà o, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀pá ni wọ́n tẹ̀ gun àtẹ̀gùn wa. Ṣùgbọ́n rúlà onígi yẹn ṣì wà nínú báàgì wọn. Kékeré rí rúlà. Mo rí i tó ń yọ́jú wo kóòtù rẹ̀ lára ìṣó. Bí Ọ̀gá bá fi lè ní aṣọ yìí wọ́, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí mo lè bẹ̀ tí ọmọ yẹn á tún dúró.

Ọ̀gá tẹ̀ ba, wọ́n fi rúlà kanlẹ̀, wọ́n wọn etí aṣọ láti iwájú yí dé ẹ̀yìn. Wọ́n ní, “Kò dọ́gba.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Wọ́n ní, “O mọ̀ pé kò dọ́gba, o sì dákẹ́?” Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kó rìn. Kékeré rìn dé ojú fèrèsé, ó padà. Wọ́n ní kó tún un rìn. Ó tún un rìn. Ọ̀gá fà sẹ́yìn, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n gbé rúlà lé itan. “Láti kékeré ni mo ti ń wọn ọmọ yìí,” ni wọ́n wí. “Ìgbà tó bá dúró ni mo ń wọ̀n ọ́n. N ò wọ̀n ọ́n rí nígbà tó ń rìn.” Wọ́n ní kó sún mọ́ àwọn. Wọ́n fọwọ́ ra á léjìká ọ̀tún, níbi tí tìmùtìmù wọn máa ń wà, wọ́n ní, “Èjìká rẹ dára.” Kékeré, ẹlẹ́nu gbogbo ayé, bú sẹ́kún. Kí a má baà rò pé Ọ̀gá ti di ẹlòmíràn, wọ́n ní ìránṣọ mi lábẹ́ apá kò mọ́, wọ́n sì dúró tì mí títí mo fi tú u, tí mo tún un rán.

Lọ́jọ́ kejì ni Kékeré sọ fún Díẹ̀díẹ̀ pé kó wá gbọ̀ngàn. Ọkùnrin tí kì í yára, ó sáré lọ́jọ́ yẹn! Gbọ̀ngàn tó rí, ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan ló ṣófo, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìwọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ìbímọ. Mo pe fóònù rẹ, ọkọ rẹ ló gbé e, ó ní o ti wọ yàrá ìrọbí. Ṣé kí n ní kó sọ fún ọ pé kí o dáwọ́ dúró, kí o wá jókòó níbi ìgbéyàwó? Mo sọ pé kó kí ọ, mo gbàdúrà, mo dákẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá tó fà létí, fà á.

Lọ́jọ́ náà, Màmá ti ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀, kí ọmọ wọn lè yọ sí ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láìrìn púpọ̀. Kékeré kọjá níwájú ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ó yí lọ síwájú. Ó wọlé láti ẹnu ọ̀nà ńlá. Kò di ẹnikẹ́ni mú. Gbọ̀ngàn náà gùn, ọ̀rẹ́ mi, n kò mọ̀ pé ó gùn tó bẹ́ẹ̀ àfi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bí ẹsẹ̀ òsì bá balẹ̀, ara á tẹ̀, àwọn ìṣẹ́po á là. Bí ọ̀tún bá gbé e sókè, wọ́n á padé, etí aṣọ á sì mì tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ tó ń tiro yẹn gan-an ló ń mú aṣọ náà jó. Ẹnìkan lẹ́yìn mi mí kanlẹ̀, ó ní, “Áà.” Kì í ṣe áà ti àánú, mo mọ èyíinì, mo ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà látìgbà tí wọ́n ti bí Kékeré. Èyí tí wọ́n fi ń wo ohun tó lẹ́wà ni. Díẹ̀díẹ̀ ń sunkún gbangba, kò tilẹ̀ nu ojú. Ọ̀gá jókòó síwájú, báàgì wà lórí itan, wọn kò ṣí i.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé èyí. Ẹ̀gbọ́n Díẹ̀díẹ̀ obìnrin, tó ga, tó tọ́, tó rí gbọọrọ bí ọ̀pá fìtílà òpópónà, wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e pé àfi kí n rán irú rẹ̀ fún òun. Mo ní kó kọ́kọ́ wọ ti Kékeré wò. Ó wọ̀ ọ́. Aṣọ náà kú sí i lára, bí èyí tí wọ́n sá sórí okùn lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ò fẹ́. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, nǹkan kan kò mì. Kékeré káwọ́ gbera, ó wò ó tàánútàánú, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tiro.” Ẹ̀gbọ́n ọkọ ló rẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo wa, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ara tirẹ̀ ni n ó fi aṣọ kọ́ fún un.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó má bínú pé mo gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Màmá kí Màmá rẹ, wọ́n ní kí wọ́n máa fi omi gbígbóná tẹ ẹ̀yìn yẹn. Ọ̀gá kí ọ, wọ́n ní ṣé o ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán ihò bọ́tìnnì báyìí. Ìyókù aṣọ àwọ̀ sánmà ló wà nínú àpò kékeré tí mo há mọ́ lẹ́tà yìí. Mo fi rán ẹ̀wù fún ìkókó, n kò wọ̀n ọ́n, wọ̀ ọ́ fún un bó ṣe wà.

Fọ́tò kan tún wà nínú àpò náà. Màmá ti bá onífọ́tò sọ ọ́ ṣáájú, ní bòńkẹ́lẹ́, pé kó gé Kékeré láti àyà bí a ti máa ń ṣe. Ó sì sún mọ́ wọn láti ṣe bẹ́ẹ̀. Kékeré ní, “Ẹ sún sẹ́yìn.” Ó sún. Ó ní, “Ẹ tún sún sẹ́yìn.” Ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri. Ó ní, “Ẹ̀hẹ́n. Ṣé ẹsẹ̀ mi ti hàn?” Wò ó dáadáa, ọ̀rẹ́ mi, kí o tó tún bínú sí mi. Má bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Èmi náà ni, tìrẹ lọ́jọ́ ìbínú àti lọ́jọ́ ẹ̀rín,

Aláǹtakùn.